ÀJỌ ÀGỌ́ ÀTI IBI MÍMỌ́

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 23:33-43, 1 Àwọn Ọba 8:22-30 àti 41-43, Jòhánù 7:37-39
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jòhánù 4:24
Èrò ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ ohun tí Àjọ Àgọ́ jẹ́ fún àwọn Júù, kí a sì mọ ojú tí ó yẹ kí Kristẹni obìnrin fi máa wo ibi mímọ́.

ÌFÁÀRÀ

 

Nígbà tí àwa wà ní ọmọdé, bí ìnáwó bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbáà ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a lọ gé ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ wá láti oko. Wọn a ri òpó mọ́lẹ̀ ní iwájú ilé, wọn a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀. Àtíbàbà ni à ń pè é. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń jẹ, tí a ti ń mu, tí a ti ń jó. Bí ìnáwó bá tán, wọn a tú u, ilẹ̀ a sì tún mọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ rí. Kánópì ni ó gba ipò rẹ̀ lóde òní, àwọn ọmọ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ àtíbàbà mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtíbàbà yẹn sọ́kàn. Òun ni yóò ràn wá lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ òní.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Ọlọ́run fún mi ní àǹfààní láti tẹ̀lé àwọn Kristẹni kan lọ sí ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìrìn àjò náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Àjọ Àgọ́. Kí n tó lọ, àwọn obìnrin inú kíláàsì mi kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí ìwé pélébé, wọ́n ní kí n bá wọn fi í sínú ògiri ní Jerúsálẹ́mù. Mo ka ìwé náà bí tíṣà ti ń ka ìwé ìdánwò: ó jẹ́ 23. Ọ̀kan nínú ìwé 23 yẹn ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àjọ náà jẹ́.

1. KÍ NI ÀJỌ ÀGỌ́?

Àjọ ńlá mẹ́ta ni Ọlọ́run pa láṣẹ pé kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì máa gòkè lọ ṣe: Àjọ Ìrékọjá, Àjọ Ọ̀sẹ̀ àti Àjọ Àgọ́. Àjọ Àgọ́ ni ó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje àwọn Júù ni ó ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn Ọjọ́ Ètùtù. Nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń ṣe é, ọjọ́ kẹjọ sì jẹ́ ọjọ́ àpéjọ mímọ́. Sùkọ́ọ̀tì ni àwọn Júù ń pè é ní èdè Hébérù. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju àgọ́ lọ.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń rántí. Èkíní, ó jẹ́ àjọ ìkórè. Wọ́n ti kó èso àjàrà àti ólífì jọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ìkórè nínú ìjọ wa nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Èkejì, wọ́n ń rántí 40 ọdún tí àwọn bàbá wọn fi rìn nínú aginjù, tí wọn kò ní ilé kankan bí kò ṣe àgọ́. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n Ọlọ́run níhìn-ín. Ní ìgbà tí àká kún, tí ara dẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ó ní kí wọ́n jáde kúrò nínú ilé olókùúta kí wọ́n lọ jókòó lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹni tí ó yó máa ń gbàgbé. Àgọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ẹ ka Deuterónómì 16:13-15. Ẹ óò rí i pé ìdùnnú àjọ náà kì í ṣe ti olówó nìkan. Ọlọ́run dárúkọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìránṣẹ́, ọmọ Léfì, àlejò, aláìní baba àti opó. Ẹ tún ka Deuterónómì 31:10-12. Ní ọdún méje-méje, ní Àjọ Àgọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ka òfin sí etí gbogbo ènìyàn, àti ọkùnrin àti obìnrin àti ọmọdé àti àlejò. Inú èmi tí mo fi iṣẹ́ tíṣà jẹun dùn nígbà tí mo kíyè sí ibẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí a lé sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì.

2. OMI ÀTI ÌMỌ́LẸ̀ NÍ AYÉ OLÚWA WA

Ìwé àwọn Júù kan wà tí a ń pè ní Míṣínà. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa ni a kó o jọ. Ó sọ bí wọ́n ti ń ṣe Àjọ Àgọ́ nígbà tí Tẹ́ḿpìlì ṣì wà. Ní òwúrọ̀, àlùfáà a gbé ìkòkò wúrà lọ sí adágún Sílóámù, a pọn omi, a gbé e gòkè wá pẹ̀lú ìró ìpè, a sì dà á sí orí pẹpẹ. Nítorí kí ni? Ní ilẹ̀ náà, láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án, òjò kì í sáábà rọ̀. Lẹ́yìn Àjọ Àgọ́ ni wọ́n ń retí rẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀, ìyàn dé. Nítorí náà omi dídà jẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ka Jòhánù 7:37-39, ẹ rántí èyí. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ ńlá àjọ náà, Olúwa wa dìde dúró, ó sì ké sí gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ pé kí ó wá sọ́dọ̀ òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ṣàdédé sọ. Ojú àwọn ènìyàn ṣì wà lára omi. Ní ọdún 2004, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ọ̀pá omi ẹ̀gbin ṣe ní Jerúsálẹ́mù ṣàdédé kan àwọn àtẹ̀gùn òkúta adágún Sílóámù ìgbà náà, tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ní alẹ́, wọ́n ń tan fìtílà ńláńlá tí ó ga fíofío ní Àgbàlá Àwọn Obìnrin nínú Tẹ́ḿpìlì. Aṣọ àwọn àlùfáà tí ó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe òwú rẹ̀. Wọ́n ní kò sí àgbàlá kan ní Jerúsálẹ́mù tí ìmọ́lẹ̀ náà kì í dé, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin fi lè ṣa àlìkámà nínú rẹ̀. Àwọn àgbààgbà a máa jó, àwọn obìnrin a sì máa wò wọ́n láti orí pèpéle gíga tí a ṣe fún wọn. Ẹ wá ka Jòhánù 8:12, kí ẹ sì wo 8:20. Ibi àpótí ìṣúra ni Olúwa ti sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ ayé, Àgbàlá Àwọn Obìnrin sì ni àpótí ìṣúra náà wà. Níbi tí obìnrin lè dé ni ó ti sọ ọ́.

3. OHUN TÍ MO FI OJÚ MI RÍ

Nígbà tí a wọ Jerúsálẹ́mù, àtíbàbà ni mo rí káàkiri! Ó wà ní iwájú ilé, ó wà ní orí òrùlé, ó wà ní bàákónì ilé alájà mẹ́rin. Iwájú ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì pàápàá kò gbẹ́yìn. Bí ó ti wà nínú Nehemíàh 8:13-18 gan-an ni. Afinimọ̀nà wa ṣàlàyé pé ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe òrùlé rẹ̀, kí òjìji rẹ̀ pọ̀ ju oòrùn lọ, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lè máa rí ìràwọ̀. Ibẹ̀ ni ìdílé ti ń jẹun ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ń sùn síbẹ̀.

Mo tún rí àwọn ènìyàn tí wọ́n mú irúgbìn mẹ́rin lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Léfítíkù 23:40. Wọ́n di imọ̀ ọ̀pẹ dátì kan, ẹ̀ka mátílì mẹ́ta àti ẹ̀ka wílò méjì pọ̀, wọ́n sì fi èso kan tí ó jọ ọsàn wẹ́wẹ́ ńlá tì í. Àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́ ní àlàyé kan lórí èyí tí ó wọ̀ mí lára púpọ̀. Èso náà ní adùn, ó sì ní òórùn dídùn. Ọ̀pẹ dátì ní èso tí ó dùn, ṣùgbọ́n kò ní òórùn. Mátílì ń ta sánsán, ṣùgbọ́n kò ṣeé jẹ. Wílò kò ní adùn, kò sì ní òórùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ọlọ́run rí. Ẹnìkan ní ìmọ̀ àti iṣẹ́ rere. Òmíràn ní ìmọ̀ láìsí iṣẹ́. Òmíràn ní iṣẹ́ láìsí ìmọ̀. Òmíràn kò sì ní ọ̀kankan. Ọlọ́run kò ní kí a ju wílò nù. Ó ní kí a dì wọ́n pọ̀. Bí a kò bá rí wílò, àṣẹ náà kò pé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ tiwa. Ẹnìkan mọ Bíbélì, kì í wá sí iṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọ. Ẹnìkan kò mọ̀wé, òun ni ó ń kọ́kọ́ dé ilé aláìsàn. Ẹnìkan sì wà tí ó kàn ń wá jókòó, tí a sì ti fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé òun náà wà nínú ìdì?

Ohun kan ṣì kù. Ẹ ṣírò akọ màlúù tí a ń fi rúbọ ní ọjọ́ méje àjọ náà nínú Númérì 29:12-34. Mẹ́tàlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ títí ó fi di méje. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70. Àwọn olùkọ́ Júù ní nítorí 70 orílẹ̀-èdè ayé ni. A jẹ́ pé wọ́n ti ń rúbọ nítorí tiwa náà kí a tó mọ̀ wọ́n.

4. NÍBI ÒGIRI

Àwọn kan rò pé Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ògiri Tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìbí Olúwa, Hẹ́rọ́dù Ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í mú orí òkè Tẹ́ḿpìlì fẹ̀ sí i. Ó mọ ògiri òkúta ràgàjì yí òkè náà ká kí ilẹ̀ má baà ya. Ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Olúwa, àwọn ará Róòmù lábẹ́ Títù wó Tẹ́ḿpìlì palẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú Máàkù 13:1-2. Ògiri tí ó gbé ilẹ̀ ró ni ó ṣẹ́ kù. Gígùn rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn tó nǹkan bí mítà 488, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń gbàdúrà ní gbangba kò ju nǹkan bí mítà 57 lọ; ilé bo ìyókù. Láti ọdún 1948 títí di ọdún 1967, àwọn Júù kò lè dé ibẹ̀. Ní orí òkè náà ni mọ́sáláṣí Al-Aqsa àti Ilé Olórùlé Róbótó, tí a parí ní nǹkan bí ọdún 691, wà. Ibi mímọ́ ni fún àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òkè kékeré yìí fi le tó bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí a kọ́kọ́ lọ, a kò lè dé ìdí ògiri. Ọjọ́ ìbùkún ńlá àwọn àlùfáà ni. Àwọn tí ó ti ìdílé Áárónì wá fi aṣọ àdúrà bo orí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì súre fún ogunlọ́gọ̀ náà ní ohùn kan. Mo bi afinimọ̀nà wa léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní Númérì 6:24-26 ni. Áà! Ìbùkún tí àwọn òjíṣẹ́ wa fi ń tú wa ká ní òpin ìsìn nìyẹn! Mo ti ń ṣe Àmín sí i láti kékeré, n kò mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn ni ó ti wá.

Ìrọ̀lẹ́ ni a padà lọ. Àwọn obìnrin ní apá tiwọn ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kéré sí ti ọkùnrin. Mo tò títí ó fi kàn mí. Ní ibi tí ọwọ́ ènìyàn ń dé, òkúta náà ti ń dán. Ìwé kún gbogbo ihò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kó àwọn ìwé náà kúrò, wọn kì í sì í sun wọ́n; Òkè Ólífì ni wọ́n ń sin wọ́n sí. Ìyá arúgbó Júù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi iwájú orí ti òkúta, ó ń sunkún. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mọ igbe ìyá. Èmi náà gbé ọwọ́ lé òkúta. Mo rántí àdúrà Sólómọ́nì nígbà tí ó ń ya Tẹ́ḿpìlì sí mímọ́. Nínú oṣù Àjọ Àgọ́ yìí kan náà ni (1 Àwọn Ọba 8:2). Ó bẹ Ọlọ́run pé bí àlejò bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí ó sì gbàdúrà síhà ilé náà, kí Ó gbọ́ tirẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé, "Èmi ni àlejò yẹn." Omi bọ́ lójú mi. Ara mi fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ohun kan níbẹ̀. Ohun kan bà mí.

5. ÌWÉ KAN TÍ Ó ṢẸ́ KÙ

Nígbà tí mo dé ilé tí mo ń tú ẹrù, mo ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù òtútù mi, mo sì bá ìwé pélébé kan. N kò fi í sínú ògiri. Mo mọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Arábìnrin kan ni, opó, tí ń ta èlùbọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun ní ọdún 2016, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ láti ìgbà náà. Nínú gbogbo ìwé 23, ṣé ìwé yìí ni ó yẹ kí n gbàgbé?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sá fún un. Bí ó bá ti kí mi pé, "Ìyá Tíṣà, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àdúrà," ojú a tì mí. Ní ọjọ́ kan mo gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ń kù èlùbọ́ nínú ilé ìdáná. Mo yọ ìwé náà, mo jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ṣé Ọlọ́run tí ẹ lọ bá ní Jerúsálẹ́mù kò mọ ọ̀nà ilé mi ni? Ẹ jẹ́ kí a kúnlẹ̀."

A kúnlẹ̀ sí orí sìmẹ́ǹtì láàrin èlùbọ́. Mo sì sọ òtítọ́ fún yín: ohun tí ó bà mí níbi òkúta Jerúsálẹ́mù, òun náà ni ó bà mí níbẹ̀, kò dín, kò sì yàtọ̀. Nígbà náà ni mo rántí apá kejì àdúrà Sólómọ́nì tí mo ti fò kọjá. Nínú ẹsẹ 27, ọba tí ó kọ́ ilé náà ni ó jẹ́wọ́ pé ọ̀run pàápàá kò gba Ọlọ́run, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ilé tí òun kọ́. Olúwa wa sì sọ ọ́ fún obìnrin, ní ẹ̀bá kànga, nínú Jòhánù 4:21-24.

Kí n má parọ́ fún yín, títí di ìgbà tí mo ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ náà kò tíì pè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́rú, èmi àti ìyá rẹ̀ ń kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná yẹn. A kò tíì dákẹ́.

6. ǸJẸ́ Ó YẸ KÍ ÀWA MÁA ṢE ÀJỌ YÌÍ?

Kólósè 2:16-17 dá wa lóhùn. A kò fi í ṣe òfin fún wa. Ẹni tí kò bá ṣe é kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Róòmù 11:18 tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe ṣògo sí àwọn ẹ̀ka tí ó ti wà kí a tó lọ́ wa sí ara igi. Nítorí náà, kí a bọ̀wọ̀ fún àjọ àwọn Júù, kí a kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí a má sì sọ ọ́ di eré orí ìtàgé.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bá fún ní àǹfààní, ẹ lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yá owó èlé torí àtilọ, kí ó má sì fi owó ilé ìwé ọmọ lọ. Orúkọ JP kò fi ìgbésẹ̀ kan kún ọ̀nà ọ̀run. Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta omi Jọ́dánì àti òróró fún aláìsàn ní owó gọbọi. Omi tí Jésù pè wá sí kò ní iye owó.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọjọ́ ìkẹyìn ọ̀wọ́ àjọ yìí gan-an, àwọn ajagun Hamas ya wọ gúúsù Ísírẹ́lì, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn, wọ́n sì kó nǹkan bí 250 lọ. Nínú ogun tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó kú ní Gásà, obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ tí ilé wọn wó ń gbé inú àgọ́, kì í sì í ṣe àgọ́ àjọ. Kí a má ṣe gbàdúrà fún ìyá kan kí a gbàgbé ìyá kejì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí Ọlọ́run fi ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé inú àgọ́ ní ìgbà tí àká wọn kún?
2. Ta ni "wílò" nínú ẹgbẹ́ wa? Báwo ni a ṣe lè dì í mọ́ra?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kí a bọ̀wọ̀ fún ibi mímọ́ àti kí a gbẹ́kẹ̀ lé e?
4. Níbo ni ìwọ ti mọ̀ rí pé Ọlọ́run wà nítòsí rẹ? Sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ tí kò gbúròó rẹ̀. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀, kí ẹ bá a kúnlẹ̀. Ní ọjọ́ ìkórè tí ń bọ̀, kí a pe opó méjì àti àlejò kan wá jẹun pẹ̀lú wa.

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o bá àwọn bàbá rìn nínú aginjù, tí o sì gbé inú àgọ́ pẹ̀lú wọn, a dúpẹ́ pé o mọ ọ̀nà ilé olúkúlùkù wa. Má jẹ́ kí àyè wa mú wa gbàgbé rẹ. Rántí àwọn ọmọ tí ó sọnù sí ọ̀nà jíjìn, kí o sì tu àwọn ìyá wọn nínú. Fún Jerúsálẹ́mù àti àwọn tí ó yí i ká ní àlàáfíà. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.